Omi Ẹran, Iná Ààrò àti Fíríísà: Ìtàn Bí Ọbẹ̀ Ṣe Ń Dé Ọjọ́bọ̀

Bí àjọ̀dún bá ti dé báyìí, ìtàn tí à ń gbọ́ ni ti ọba tó jẹ, ti ogun tó jà, ti ẹni tó kọ́kọ́ ṣe alága. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tó jẹ́ ti àwa obìnrin ọjà gan-an, tí wọn kì í sábà kọ sínú ìwé: báwo ni ìkòkò ọbẹ̀ tí a sè lọ́jọ́ Sátidé ṣe ń bá wa dé Ọjọ́bọ̀ láìkan?

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ẹni tó ń jí kúrò ní Itamaga ní aago mẹ́rin ìdájí kó lè bá ata tuntun ní Mile 12, tó sì jẹ́ pé alẹ́ ló ń padà wọlé, kò lè máa sebẹ̀ lójoojúmọ́. Ọbẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni àwọn ọmọ máa fi jẹun kí ó tó dé. Bí ọbẹ̀ yẹn bá kan, owó ọjà ló kan. Bó bá sì jẹ́ pé kò tíì rùn ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ nínú, ikùn àwọn ọmọ ló máa sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn omi ẹran.

Omi ẹran ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ ọ́n sí omitoro. Òun ni Gídíónì dà sínú ìkòkò nígbà tó ń ṣe áńgẹ́lì lálejò. Ẹ bọ ẹran màlúù tàbí ẹsẹ̀ ẹran, ẹ fi iyọ̀, àlùbọ́sà, ata àti tíìmù sí i, ẹ jẹ́ kó rọra hó. Omi tó kù lẹ́yìn tí ẹran ti rọ̀ ni à ń dà sínú ata díndín, òun la fi ń se ìrẹsì ọdún, òun náà là ń fún abiyamọ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn mu. Ìyá tó mọ ọbẹ̀ í sè kì í da omi ẹran nù. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé kò sí nǹkan tó yára bàjẹ́ tó o nínú ilé ìdáná. Gbogbo adùn ẹran ti wọ inú omi, ohun tó sì dùn mọ́ ọmọ ènìyàn lẹ́nu dùn mọ́ kòkòrò pẹ̀lú. Nínú ooru tiwa níhìn-ín, omi ẹran tí a sè láàárọ̀ tí a gbàgbé sórí tábìlì lè ti máa hó fóófóó kó tó di ọjọ́ kejì, láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

Ní ayé àwọn ìyá ìyá wa, iná ni fíríísà. Ẹja tí wọ́n bá kó láti inú ọ̀sà, ní Ẹ̀pẹ́ o, ní Ìjẹ̀dẹ́ o, ní Ẹbúté Ìkòròdú o, èyí tí wọn ò bá tà tán ní tútù, yíyan ni. Ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún, ede, wọ́n á tò ó sórí èéfín títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Bó bá gbẹ dáadáa, ó lè bá alájàpá rin ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó má ṣe nǹkan kan. Ẹran náà ń lọ sórí àjà, lókè ààrò, níbi tí èéfín ti ń bá a sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n omi ò ṣeé so mọ́ àjà. Omi ẹran àti ọbẹ̀ ò ní ibòmíràn tí wọn ó lọ, àfi kí wọ́n padà sórí iná.

Ó ní òfin tirẹ̀, àwọn àgbà inú wa ò ní gbàgbé. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sórí iná láàárọ̀, ó tún gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ lálẹ́ kí ilé tó sùn. Kó hó ni o, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó sàn kó má gbé e kaná rárá. Bó bá ti hó, ẹ má dé e pa. Ẹ jẹ́ kí ìdérí dá díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí òógùn má kán padà sínú rẹ̀. Ẹ má rò ó mọ́. Ìgbakọ tó bá ti kan omi tútù kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìkòkò, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ṣíbí tó ti ẹnu ọmọ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ bu ọbẹ̀, kó bu ìwọ̀n tó máa jẹ, kó dé ìyókù. Àṣẹ́kù inú àwo kò gbọ́dọ̀ padà sínú ìkòkò láé. Àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kí epo léfòó sójú ọbẹ̀ bí aṣọ ìbora. Nínú ilé tí wọ́n ti pa òfin yìí mọ́, mo ti rí ọbẹ̀ ata tó lo ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún láìsí fíríìjì kankan, adùn rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i ni. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé, ẹnu àti igbe ni wọ́n fi kọ́ wa: “Ta ló ki ṣíbí omi bọ inú ọbẹ̀ yìí?”

Ẹ má wò ó pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán ni èyí. Àwọn òyìnbó onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jà lórí omi ẹran kan náà yìí fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1748, àlùfáà Àgùdà kan tó jẹ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Needham, sọ ìdánwò tó ṣe fáyé. Ó fi omi ẹran àgùntàn gbígbóná sínú ìgò, ó dí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tó fi awò wo inú rẹ̀, kòkòrò kéékèèké ló ń yí níbẹ̀. Ó ní omi ẹran fúnra rẹ̀ ló bí wọn. Ní 1765 ni ará Ítálì kan, Lazzaro Spallanzani, sọ pé irọ́ ni. Ó se tirẹ̀ pẹ́, ó sì fi iná yọ́ ẹnu ìgò náà pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kò sì sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Louis Pasteur, ará Faransé, ló wá parí ẹjọ́ náà ní àwọn ọdún 1860: kòkòrò àìfojúrí inú afẹ́fẹ́ àti eruku ló ń wọlé síbẹ̀, oúnjẹ kì í bí wọn.

Àmọ́ èyí tó jọ mí lójú jù lọ nínú wọn ni John Tyndall, ará Ireland. Ní 1877 ó ṣàlàyé ohun kan tó ti da àwọn tó kù láàmú. Ó ní àwọn kòkòrò kan ní irúgbìn tó le, tí híhó ẹ̀ẹ̀kan ò lè pa. Bí o bá se omi náà lónìí, kòkòrò á kú, irúgbìn á kù. Lóru, nígbà tí omi ti tutù díẹ̀, irúgbìn á hù. Bí o bá tún sè é lọ́la, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á kú kí wọ́n tó bímọ. Sè é lọ́tùn-únla, èyí tó kù á lọ. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé kì í ṣe ohun tí ìyá wa ń ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́ ni Tyndall ń kọ sínú ìwé yẹn? Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà náà ní òkè òkun. Lọ́dọ̀ tiwa, a kàn ń pè é ní “gbé ọbẹ̀ kaná” ni.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé agbára iná ní ààlà. Àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó kú, wọ́n á ti tu oró sílẹ̀, oró yẹn kì í sì bá híhó lọ. Ọbẹ̀ tó bá ti kan, ẹ má gbé e kaná láti fi tan ara yín jẹ. Ẹ dà á nù. Ó máa ń dunni, mo mọ̀, pàápàá bí ẹran bá pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí aráyé gbà ni pé kí wọ́n gbẹ omi náà. Nígbà tí James Cook wọkọ̀ ojú omi lọ sí òkun Pàsífíìkì ní 1768, ó kó omi ẹran tí wọ́n ti sè títí tó fi di líle bí ọṣẹ dání fún àwọn atukọ̀. Wọ́n á gé díẹ̀ sínú omi gbígbóná, ó di ọbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìtàn ti ń bọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Julius Maggi, ará Switzerland, tó gbé horo kékeré onígun mẹ́rin rẹ̀ jáde ní 1908. Iléeṣẹ́ Nestlé tó wá ni mágí náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1961, kò sì sí ìsọ̀ elérò ọbẹ̀ kan l'Ìkòròdú lónìí tí kò tà á. Èmi náà ń rà á. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó dọ́gba pẹ̀lú omi ẹsẹ̀ ẹran tó lo wákàtí mẹ́ta lórí iná.

Ọ̀nà kẹta ni òtútù, òun ló sì pẹ́ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn l'Èkó, fún ìjọba àti àwọn òyìnbó. Fíríìjì tó kọ́kọ́ dé ọ̀pọ̀ ìlú tí kò ní iná, kẹrosíìnì ló ń jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Sweden, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1922. Iná kékeré á máa jó nísàlẹ̀ rẹ̀, yìnyín á máa dì lókè. Ilé dókítà, ilé míṣọ́nnárì àti ilé òyìnbó ìjọba la ti ń rí i. Ní ti fíríísà tó ń mú oúnjẹ dì gbagidi, ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Birdseye, ló sọ ọ́ di òwò ńlá. Ó ti gbé Labrador ní ìhà àríwá Kánádà láàárín 1912 sí 1915, ó sì rí i pé ẹja tí àwọn onílé ibẹ̀ bá fà jáde nínú omi máa ń dì lójú ẹsẹ̀ nínú òtútù, bí wọ́n bá sì yọ́ ọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí ẹni pé òní ni wọ́n pa á. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni pé bí oúnjẹ bá yára dì, yìnyín inú rẹ̀ á kéré, kò ní fa ara ẹja ya. Ní 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ dídì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Springfield, Massachusetts.

Ọ̀dọ̀ àwa ọlọ́jà, ẹja ló mú òtútù wá, kì í ṣe ọbẹ̀. Láti 1957 ni olóògbé Michael Ibru ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja yìnyín wọlé láti òkè òkun, tó ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sáwọn ìlú. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ sá fún un. Wọ́n ní ẹja tí kò gbẹ, tí kò sì tútù lójú omi, tó le bí igi, òkú ni. Òkú Èkó ni àwọn ará òkè ń pè é, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára títí ó fi di oúnjẹ gbogbo ilé. Titus, kòtè, ṣáwá, pánlá: èyí ló sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di oníṣòwò ńlá, òun ló sì kọ́kọ́ fi fíríísà sínú ìsọ̀ obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí rẹ̀ láti ìgbà yẹn mọ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Iná náà ń gbòòrò bọ̀. Wọ́n dá àjọ tó ń rí sí iná sílẹ̀ ní 1950, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí ECN. Ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa níná ní 1968. Ní 1972 ECN àti àjọ ìdídò pa pọ̀ di NEPA. Nígbà tí owó Udoji wọ àpò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, wọ́n fi ra rédíò, wọ́n fi ra fáànù, wọ́n fi ra fíríìjì. Lẹ́yìn náà ni èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: ní 1985 sí 1986 wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná Egbin, létí ọ̀sà, ní ìhà Ìjẹ̀dẹ́ níbi, nínú Ìkòròdú wa. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú 220 mẹ́gáwáàtì wá, àpapọ̀ rẹ̀ 1,320. Gáàsì ni wọ́n fi ń se omi di oruku tó ń yí ẹ̀rọ, omi ọ̀sà ni wọ́n sì fi ń tu ẹ̀rọ lára. Kò sí ilé iṣẹ́ iná mìíràn ní Nàìjíríà tó tóbi tó o nígbà náà. Wọ́n ń se omi nítòsí wa kí fíríísà Kánò lè dì, àwa tí a wà ní Itamaga sì ń jókòó nínú òkùnkùn. Àwàdà tí a máa ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà fún ẹni tí ẹja rẹ̀ yọ́.

Báwo wá ni ọbẹ̀ ṣe dé inú fíríísà? Bí àlejò ló ṣe wọlé. Ẹni tó ra fíríísà láti ta ẹja, láti ta omi tútù, ohun mímu inú ìgò tàbí áìsì blọ́ọ̀kù, ó rí i pé àyè díẹ̀ kù lábẹ́. Ó ki ike omi ẹran kan bọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó fi ata tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti sè gbẹ, sí i, torí ata wọ́n lọ́jọ́ yẹn ní Mile 12. Nígbà tó yá, gbogbo ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ti wà níbẹ̀ nínú ike àti náílọ́ọ̀nù, wọ́n tò ó bí ìwé. Ohun tó yí padà nínú ilé kì í ṣe kékeré. Ìyá tó ti ń jí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nítorí ìkòkò, sísè ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó o. Ọmọbìnrin tó ti ń pẹ́ dé ilé ìwé torí pé òun ló ń dá iná àárọ̀, ó bọ́. Èmi ò mọ ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé tó dá àkókò padà fún obìnrin ọjà bẹ́ẹ̀, àfi ẹ̀rọ ìlọta.

Ìhà kan nínú ìtàn yìí jẹ́ tiwa ní ẹgbẹ́. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà láti 1935. Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ náà wò: a-jẹ-ṣẹ́-kù, ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Owó ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá gba ẹ̀yáwó ra fíríísà, tó ń san án díẹ̀díẹ̀ nínú èrè omi tútù, nǹkan kan náà ló ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì: ó ń ṣẹ́ owó kù, ó ń ṣẹ́ ọbẹ̀ kù. Ìbéèrè tó sì máa ń bí ariwo nínú ìpàdé irú ẹgbẹ́ báwọ̀nyí ni pé ṣé ó yẹ ká máa yáni lówó ra ohun tó ń mu iná nígbà tí iná ò sí. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá bínú sí i kò tíì rí ìkòkò tó bàjẹ́ nínú fíríísà.

Nítorí pé ibi tí ìyà ti ń jẹ wá gan-an nìyí. Fíríísà kì í pa kòkòrò. Ó ń mú un sùn ni. Iná ààrò ló ń pa á. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, tí omi ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, àwọn tó sùn á jí, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dúró dé. Irúgbìn kan wà nínú àwọn kòkòrò Tyndall yẹn tó jẹ́ pé ọbẹ̀ ẹran tó ń rọra tutù nínú ìkòkò ńlá ni ilé rẹ̀. Bó bá ti bá ooru tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń gbà á láti di méjì. Ẹ fi ìyẹn ṣírò láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń gbé ọbẹ̀ kaná ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a ra fíríísà, a jù ú nù. A ní òtútù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná. Ọmọ á mú náílọ́ọ̀nù ọbẹ̀ tó ti yọ́ lánàá tó tún dì lónìí, á dà á sínú páànù, bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó ti dà á sórí ìrẹsì. Tí ikùn bá wá ń lọ ní ọ̀gànjọ́, wọ́n á ní ìrẹsì ló fà á.

Èyí tó dára ni pé kí a fi ìmọ̀ méjèèjì pọ̀, kò sì le. Kí omi ẹran hó dáadáa kó tó kúrò lórí iná. Ẹ má gbé odindi ìkòkò gbígbóná sínú fíríísà. Á mú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yọ́, àárín ìkòkò náà á sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ di òru. Ẹ bù ú sínú ike kéékèèké, ìwọ̀n tí ilé máa jẹ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé wọn ka inú omi tútù nínú bàsíà kí wọ́n yára rọlẹ̀; kò yẹ kó ju wákàtí méjì lọ kí wọ́n tó wọ inú òtútù. Ẹ má kún ike dé ẹnu: omi ṣíbí mẹ́wàá tó bá di yìnyín á fẹ́ẹ̀ gba àyè ṣíbí mọ́kànlá, ìdí nìyẹn tí ìgò fi ń fọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀. Bí fíríísà bá dúró ní nǹkan bí 18 lábẹ́ òdo, omi ẹran á wà lójú adùn rẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó hó, gẹ́gẹ́ bí òfin àtijọ́.

Bí iná bá lọ ńkọ́? Ẹ má ṣí i. Fíríísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè gbé e fún nǹkan bí wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Ìdí rèé tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi máa ń fi ìgò omi kún ibi tó bá ṣófo, kí yìnyín ran yìnyín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣí i tí yìnyín ṣì ń kọ wíwí wíwí nínú ọbẹ̀, ó ṣì dára, ó lè padà. Bó bá ti yọ́ tán àmọ́ tó ṣì tutù bí omi inú fíríìjì, ẹ gbé e kaná lójú ẹsẹ̀, kó hó, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí ẹ ò sì mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀, ẹ dákun, ẹ má dán an wò lẹ́nu ọmọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé kò sí ohun tó ń tu nǹkan láìlo iná rárá. Ó wà. Olùkọ́ kan ní Jígáwá, Mohammed Bah Abba, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí ìkòkò amọ̀ tó gbé sínú ìkòkò amọ̀ mìíràn, tó fi yanrìn tútù sáàárín wọn. Bí omi inú yanrìn bá ti ń gbẹ, ó ń gba ooru kúrò nínú ìkòkò inú. Tòmátò àti ẹ̀fọ́ ń pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, obìnrin Hausa sì rí owó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ òkè lọ́hùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Létí ọ̀sà tiwa, níbi tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ ṣì ń tutù lálẹ́, kò lè ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sì lè mú omi ẹran dì láé.

Orúkọ ń yí padà lára iná, òkùnkùn ò yí padà. NEPA di PHCN ní 2005. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 wọ́n pín in fún àwọn aládàáni, Ikeja Electric ló sì gba ìhà tiwa, Egbin náà bọ́ sọ́wọ́ aládàáni lọ́dún kan náà. Ọ̀pọ̀ wa ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour”, wọ́n ń tàn án fún wákàtí méjì lálẹ́ kí ẹja lè dì padà. Lẹ́yìn tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tó wà ní nǹkan bí 185 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ fíríísà sì di àpótí aṣọ. Mo rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi.

Ní Owerri, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Nnaemeka Ikegwuonu ti gbé yàrá òtútù tí oòrùn ń fún níná kalẹ̀ sínú ọjà láti nǹkan bí 2015, ColdHubs ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ń san owó orí àpótí kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó ń ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ lè jọ gbé ni. Tomátò àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀ ju ọbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ ò bàjẹ́ á ní owó tí yóò fi sebẹ̀.

Ní ti fíríísà inú ilé, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kó tó di pé ẹ padà sí ìpàdé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, lọ sí 225 náírà lórí yúníìtì kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in díẹ̀. Ká ní fíríísà kékeré ń jẹ yúníìtì kan lójúmọ́. Ní iye 225 náírà ti ọdún 2024 yẹn, ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 6,750 náírà. Ẹ wá bi ẹni tó wà nídìí ẹran ní ọjà Sábó pé èló ni ẹsẹ̀ ẹran kan, kí ẹ tó bi í léèrè ata, òróró àti gáàsì tí ẹ máa fi sè é.